Ọmọ-ọmọ mẹ́rin ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, kìnnìún ni wọ́n fẹ́ rí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àgbà Ìbejì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àwọn ọmọ-ọmọ mi mẹ́rin ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa ní Bódìjà nínú oṣù kẹjọ. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 11, àwọn ìbejì tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, Ìdòwú ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́ta. Mo bi wọ́n lórí fóònù pé kí ni wọ́n fẹ́ ká jọ ṣe. Táyé ní òun fẹ́ rí kìnnìún. Kẹ́hìndé ní kìnnìún àti ọ̀bọ. Bàbá wọn bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ ti gbọ́ tẹnu wọn."

Ọdún 68 ni mí, orúnkún mi ọ̀tún kò sì gbọ́ tèmi mọ́. Ọkọ mi ti pé 74, ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n ó ti búra pé wọn ò ní fi òun sílẹ̀ nílé. Ọmọ àbúrò mi kan tó wà ní Poly ló máa bá wa dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ.

Ṣé ká lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, UI, ni, àbí ká kúkú gba ọgbà igbó Lekki ní Èkó lọ? Kí ni ọmọ ọdún mẹ́ta máa rí ṣe níbẹ̀ tí kò fi ní máa ké "gbé mi, gbé mi"? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ẹ má fi pamọ́ fún mi.

Tíṣà Àkọ́bẹ̀rẹ̀

Ìyá wa, ẹ kú ìmúra sílẹ̀. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti kó ọmọ ilé-ìwé lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn mọ́. UI ni kí ẹ lọ. Láti Bódìjà, bí Ìdòwú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ẹ ó ti délé kó tó ké e tán. Ọgbà náà kì í ṣe ọmọ àná: láti 1948, ọdún tí wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀, ni wọ́n ti ń kó ẹranko jọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ nípa wọn, kó tó wá di ọgbà ẹranko ńlá ní 1974. Igi ibẹ̀ ti dàgbà, ẹ ó rí òjìji sá sí.

Ẹ tètè lọ. Kìnnìún lè sùn tó ogún wákàtí lóòjọ́. Ẹni tó bá débẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán, ìdí kìnnìún ló máa rí, á sì padà wá máa ráhùn pé owó òun ti wọgbó. Kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá yín lẹ́nu géètì. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ kí àwọn tó ń tọ́jú ẹranko dáadáa, ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọjá lára àwọn ọkùnrin yẹn bí ẹni pé òpó ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ èyí tó ń ṣe òjòjò nínú ẹranko, wọ́n mọ èyí tó ń bínú, wọ́n sì mọ orúkọ gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún àwọn òbí nìyí: ẹ má lọ wo gbogbo rẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹranko kan láti ilé. Mẹ́rin péré. Ẹ lo àkókò níwájú mẹ́rin yẹn. Èyí tí ẹ bá rí lẹ́yìn wọn, èènì ni.

Ẹ má fi ọjọ́ ọdún lọ o, ì báà ṣe Iléyá, ì báà ṣe Kérésì. Èrò á pọ̀ débi pé ẹ̀yìn orí àwọn ẹlòmíì nìkan ni ọmọ kékeré á máa wò. Oṣù kẹjọ yẹn dára, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nígbà náà. Ẹ mú agbòòrùn dání síbẹ̀síbẹ̀.

Ìyá Dámi, Peckham

Ẹ kú ọjọ́ o, Mà. Ẹ jẹ́ kí n ta yín lólobó. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ yẹn ti lọ wo ẹranko lọ́dọ̀ wa níbí ní Ìlú Ọba rí, ní ọgbà ẹranko Woburn tàbí ti Knowsley. Inú mọ́tò bàbá ẹni lèèyàn ń jókòó sí níbẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ ti gbogbo fèrèsé, kìnnìún á wá máa rìn kọjá létí ọ̀nà. Ní Knowsley, àwọn ọ̀bọ ńlá tí ojú wọn gùn bí ti ajá a máa fò sórí mọ́tò, wọ́n á máa fa wípà. Nítorí náà, bí ẹ bá sọ pé "a ń lọ wo kìnnìún", ohun tó máa wà lọ́kàn wọn ni mọ́tò.

Mi ò sọ fún tèmi nígbà tí mo mú un wálé. Ọmọ dúró níwájú àgò, ó wò mí, ó ní, "Ó tán?" Màmá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ti wé gèlè, ó ti gbé mọ́ínmọ́ín dání, inú rẹ̀ ń dùn láti òru. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé ẹsẹ̀ la fi ń rìn, pé àgò ni ẹranko wà, ṣùgbọ́n pé ẹ ó sún mọ́ ọn débi tí wọ́n á fi gbọ́ èémí rẹ̀. Wọn ò gbọ́ ìyẹn rí nínú mọ́tò.

Ọmọ Ọdẹ Ògbómọ̀ṣọ́

Ohun tó máa ń dùn mí jù ni kí ọmọ Yorùbá dúró níwájú àgò, kó máa pe gbogbo ohun tó ń fò lórí igi ní "ọ̀bọ". Ẹdun ọ̀tọ̀, ààyá ọ̀tọ̀, ìnàkí ọ̀tọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n wo ìdí rẹ̀: ìnàkí kò ní ìrù. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wo ọwọ́. Ẹdun, onírun dúdú òun funfun yẹn, kò ní àtàǹpàkò. Ìka mẹ́rin ló fi ń so mọ́ ẹ̀ka igi. Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀ ẹdun. Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdunjọbí. Ṣé àwọn ọmọ yẹn mọ̀ pé ẹdun la fi ń kì wọ́n, àti pé ilé tí wọ́n ti bí ìbejì kì í jẹ ẹran rẹ̀? Bí wọn ò bá mọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n padà sí Lọ́ńdọ̀nù láìmọ̀.

Ọ̀nì àti alégbà náà, wọ́n máa ń fi ọ̀kan pe ìkejì. Èyí tó bá yọ ahọ́n jáde, tí orí ahọ́n rẹ̀ là sí méjì, alégbà ni. Ọ̀nì kò lè yọ ahọ́n rẹ̀ sí yín láéláé, ahọ́n náà so mọ́ ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá sì bá a tó la ẹnu gbàgà sínú oòrùn, kì í ṣe pé ó ń dúró de ẹni tó máa gbé mì. Ooru ló ń mú un, bó ṣe ń tu orí nìyẹn. Àwọn ọmọkùnrin fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ báyìí, ọmọ ọdún 11 yẹn á gbé fóònù rẹ̀ sápò.

Ẹ pa àlọ́ Ìjàpá fún wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí wọ́n bá wá rí ìjàpá, ẹ ní kí wọ́n wá eyín sí i lẹ́nu. Kò ní. Gbogbo ọgbọ́n yẹn, kò ní eyín kan ṣoṣo.

Dírẹ́bà Ọ̀nà Jíjìn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi UI tì yín pa. Lekki ni mo máa ń gbé èèyàn lọ. Igbó gidi nìyẹn, hẹ́kítà 78, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1990 láti dáàbò bo igbó àti àbàtà tó kù létí òkun Èkó. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kò sí nínú àgò, orí igi lórí yín ni wọ́n wà. Ọ̀kín ń rìn káàkiri bí adìyẹ. Afárá kan tún wà lókè láàárín igi, mítà 401 ni gígùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tan ìyá tó jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá mi. Láti Bódìjà dé Lekki, ẹ ò mọ ohun tí gosiló Berger ń gbèrò, ẹ ò sì mọ ti Lekki fúnra rẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ lójúmọ́ kan pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́ta, ìyà ni. Bí ẹ bá ní ẹbí ní Èkó, ẹ sùn mọ́jú, kí ẹ wọ ibẹ̀ láàárọ̀.

Ní ti afárá yẹn: ó ń mì. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí ẹni iwájú bá gbé, ara yín á gbọ́ ọ. Àwọn kan á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe Jésù ní ìdajì ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ èrò wà lẹ́yìn wọn. Kí ọmọ ọdún 11 àti ọmọ Poly yẹn gùn ún. Ẹ̀yin àti Bàbá, ẹ gba ọ̀nà pákó ìsàlẹ̀ tó gba orí àbàtà kọjá. Ó tẹ́jú, ìjókòó wà lójú ọ̀nà, ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa rí ọ̀bọ jù.

Ẹ má gbé ọ̀rá dání o. Ọ̀bọ mọ ìró ọ̀rá. Tó bá ti gbọ́ ṣìnìṣìnì báyìí, ó gbà pé oúnjẹ ni. Inú báàgì onísíìpù ni kí gbogbo nǹkan wà.

Ìyá Oníresì

Òótọ́ ni ti ọ̀rá yẹn. Ní ọgbà ẹranko kan tí mi ò ní dárúkọ, ọ̀bọ já páfù lọ́wọ́ ọmọ mi, ó ki gbogbo rẹ̀ bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì wú bí ti ẹni tí eyín ń dùn, ó wá jókòó ó ń wò wá. Ọmọ mi ké títí a fi délé. Òun ti wá di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ báyìí, á máa sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀bọ ní àpò lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ẹ jẹun nínú mọ́tò kí ẹ tó wọlé àti lẹ́yìn tí ẹ bá jáde. Mọ́ínmọ́ín ewé, ẹ̀kọ, ẹyin sísè, omi tó pọ̀. Ẹ má gbé ìrẹsì, ó máa ń dà sára. Ẹ gbé àga kíká méjì fún ẹ̀yin àti Bàbá, ẹ má dúró de bẹ́ǹṣì tí àwọn olólùfẹ́ á ti gbà. Owó lọ́wọ́ díẹ̀ náà, nítorí netiwọ́ọ̀kì lè dá yín dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin tó ti rí ọ̀gọ̀ǹgọ̀ lókèèrè.

Ọmọ Ọdẹ Ògbómọ̀ṣọ́

Ògòǹgò, Ìyá Oníresì. Ògòǹgò.

Ìyá Oníresì

Ẹ ṣeun, sà. Ìka ló ṣì mí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Mà, díẹ̀ ni tèmi. Ìjàpá àti àwọn ẹran afàyàfà máa ń gbé kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ń pè ní salmonella sára, kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló máa ń bá jà jù: ìgbẹ́ gbuuru, ibà, inú rírun. Bí Ìdòwú bá fọwọ́ kan ìjàpá, ọṣẹ àti omi kí ọwọ́ yẹn tó kan ẹnu. Sanitáísà kò tó lórí ọwọ́ tó ti dọ̀tí.

Ọ̀bọ: kí wọ́n má tẹjú mọ́ ọn, kí wọ́n má sì yọ eyín sí i. Ẹ̀rín ni lójú tiwa, ìjà ni lójú tirẹ̀. Bí ó bá ha ẹnikẹ́ni tàbí bu èèyàn jẹ, ẹ má fi epo tàbí ìkunra kankan pa á. Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ, ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Kò sí "ẹ jẹ́ ká wò ó dọ̀la" nínú ọ̀rọ̀ dìgbòlugi.

Kí bàbá wọn rí dókítà nípa oògùn tó ń dènà ibà ẹ̀fọn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà lọ́hùn-ún, ara rẹ̀ kò mọ ibà bí tiwa ṣe mọ̀ ọ́n.

Kò-sí-àgò

Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Èmi ò ní mú ọmọ mi lọ wo ẹ̀wọ̀n. Ẹran tí wọ́n dá láti máa rin ìrìn àjò nínú igbó, tó wá ń yípo nínú àgò láàárọ̀ lálẹ́, kí la fẹ́ fi kọ́ ọmọ?

Ọmọ Ọdẹ Ògbómọ̀ṣọ́

Àbúrò, mi ò bá ẹ jà. Àmọ́ igbó tí bàbá mi ti ń ṣọdẹ, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé epo ló wà níbẹ̀ báyìí. Ọmọdé ni mí nígbà tí mo fojú rí ẹdun kẹ́yìn nínú igbó. Ọmọ tí wọ́n bí sí Bódìjà tàbí Peckham, níbo ló ti fẹ́ rí i kó tó mọ̀ pé ó yẹ ká dá a sí?

Kò-sí-àgò

Mo gbọ́, sà. Ó dáa, kí Màmá lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wo nǹkan mẹ́ta pẹ̀lú ọmọ àgbà yẹn: ṣé omi tó mọ́ wà nínú àgò, ṣé òjìji wà, ṣé ìhà ẹran náà kò yọ síta? Bí ọ̀kan bá kù, kí wọ́n yà sí ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí èèyàn bá ń sọ ọ́, wọ́n á ṣe é.

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ ti mú mi rántí ìgbà kan. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí wọ́n bá ní "a ń lọ sí UI", àwọn ìnàkí gìrìwò méjì yẹn la ń lọ wò, Aruna àti Imade. Gọ̀rílà ni wọ́n, àwa ò mọ orúkọ yẹn nígbà náà. Bàbá mi á gbé mi sórí èjìká, Imade á jókòó, á yí ẹ̀yìn sí wa bí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀. A kì í bínú. A ó dúró títí á fi yíjú padà.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ Agódi. Láti 1967 ni ọgbà yẹn ti wà, kí omíyalé Ògùnpa tó gbá a lọ ní 31 oṣù kẹjọ 1980, ọjọ́ tí kò sí ẹni Ìbàdàn tó lè gbàgbé. Wọ́n ti tún un ṣe. Ẹranko ibẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ koríko gbalasa wà, ibi ìṣeré ọmọdé wà, omi ìwẹ̀ wà. Ìyá, ẹ lọ sí UI lọ́jọ́ kan, ẹ sinmi orúnkún fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wá lọ sí Agódi kí Ìdòwú máa sáré kiri. Ti Lekki, ẹ fi sílẹ̀ fún bàbá wọn.

Ìyá Àgbà Ìbejì

Ẹ kú àárọ̀ o. A ti lọ, a ti bọ̀, mo ní kí n wá jábọ̀.

UI la lọ, Ọjọ́rú, aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ti sọ ti àgò fún wọn láti alẹ́, kò sí ẹni tó bi mí pé "ó tán?" Ìyá Dámi, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹranko kọ̀ọ̀kan, bí Tíṣà ṣe wí: kìnnìún, ọ̀bọ, ọ̀nì. Ìdòwú ní òun mú adìyẹ. A fi ògòǹgò lọ̀ ọ́, ó gbà pé adìyẹ ni.

Kìnnìún ń sùn nígbà tí a dé, Tíṣà, láàárọ̀ náà. Bàbá ṣí àga rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn irin ìdènà, ó gbé ọwọ́ lé ọ̀pá, ó ní òun ò lọ síbì kankan. A fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, òun àti Táyé, a lọ wo ọ̀nì. Ẹ̀gbọ́n wọn ló ń sọ ọ̀rọ̀ ahọ́n fún àwọn àlejò tí a ò mọ̀ rí, bí ẹni pé òun ló ni ọgbà. Ibẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ará, mo ti ń gbọ́ pé kìnnìún ń bú ramúramù, mi ò mọ̀ pé àyà èèyàn ló ti ń dún. Nígbà tí a sáré padà débẹ̀, tàbí kí n sọ pé tí àwọn ọmọ sáré, tí èmi ń wọ́ bọ̀, Bàbá ti dìde láìfi ọwọ́ kan ọ̀pá, ó ń kì í: kìnnìún, olóòlà ijù, tí í kọlà fún ẹran láìlo abẹ. Táyé di ṣòkòtò rẹ̀ mú, ó la ẹnu sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú ń pàtẹ́wọ́. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu ọkọ mi kẹ́yìn.

Àṣìṣe tèmi: mo wọ bàtà tó dára. Orúnkún mi ti ń san án láti àná. Mo sì gbé ìrẹsì, Ìyá Oníresì, ẹ dárí jì mí, ó wà lórí ìjókòó mọ́tò di báyìí.

Níbi àwọn ọ̀bọ, ọ̀kan wá di wáyà mú níwájú Kẹ́hìndé. A fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ sórí ìdí rẹ̀, kò tẹjú mọ́ ọn, ọwọ́ yẹn nìkan ló ń wò. Èékánná wà lórí ìka náà, ó dọ̀tí ní etí, ó pọ́n díẹ̀ láàárín, gẹ́gẹ́ bí ti ọmọ tó ń fi erùpẹ̀ ṣeré. Ó wo tirẹ̀, ó tún wo ti ọ̀bọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn. Ó ní, "Grandma, ṣé ẹdun nìyí?" Mo ní kó ka ìka. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bá àtàǹpàkò níbẹ̀.

Ọmọ Ọdẹ, ó ní kí n bá òun bi yín: bí kì í bá ṣe ẹdun, ṣé òun ṣì lè kí i?

Ọmọ Ọdẹ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ sọ fún un pé kó kí i. Kó má ṣáà yọ eyín.